Ọtí fún Ìgbín Aláìnílé

Òjò ìlú yìí kì í rọ̀ kó dá,
ńṣe ló máa ń jókòó síni léjìká.
Ní Rọ́ṣídéèlì, lẹ́yìn ojú irin,
ilẹ̀ tí káńsù fi yá mi kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ.
Mo gbin kábéèjì, mo gbin káróòtì, mo gbin ẹ̀wà,
àti tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ike funfun, kí òtútù má baà pa á.

Ìdájí ni mo ń parí iṣẹ́ nílé ìwòsàn.
Mo dé oko, mo tan iná fóònù:
ìgbín tí kò ní ìkarahun,
dúdú, yíyọ̀, ó gùn tó ìka àárín mi,
mẹ́tàdínlógún lórí kábéèjì kan ṣoṣo.
Nílé wa ní Ìdànrè, ìgbín ló ń sá fún èèyàn.
Níbí, èmi ni mo ń bẹ ìgbín.
Ẹran tí kò ṣeé sè, tí kò ṣeé tà,
tó sì mọ ewé tó dùn yàtọ̀ sí èyí tó korò!

Mísítà Hórọ́kìsì tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi
nawọ́ ike kan sí mi:
hóró búlúù, ó ti pẹ́ nínú ahéré rẹ̀.
“Wọ́n díẹ̀ síbẹ̀. Kó tó di ọ̀la, wọ́n á ti kú tán.”
Mo wo búlúù yẹn. Bàbá mi ni mo rí.

Bàbá mi, ẹ̀rọ ìfọ́nkòkó lẹ́yìn rẹ̀, gàmálínì nínú ẹ̀rọ,
ìbòjú kò sí, ìbọ̀wọ́ kò sí,
atẹ́gùn ń dá a padà sí i lẹ́nu.
Kòkó so lọ́dún náà, ó so bí ẹni tó ń bínú.
Ikọ́ náà so.
Ẹja gbé ikùn funfun sókè nínú odò,
àwa ọmọdé ń ṣà á, inú wa ń dùn.

Mo dá ike padà. “Ẹ ṣé, bàbá. N ó wá ọgbọ́n míì.”

Ọgbọ́n náà kò tètè dé.
Mo da eérú yí kábéèjì ká, òjò gbá a lọ;
èmi tí mo da eérú, eérú tọ̀ mí dé inú bàtà.
Mo gbin àlùbọ́sà sáàárín káróòtì, kí òórùn rẹ̀ tan eṣinṣin jẹ.
Mo ta àwọ̀n bo kábéèjì; labalábá funfun ń fò yí i ká
bí àlejò tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́.
Kòkòrò wẹ́wẹ́ ara ẹ̀wà, mo fọ́n omi ọṣẹ sí wọn lára
títí mo fi rí ọ̀kan tó pupa, tó ní àmì dúdú lẹ́yìn,
tó ń jẹ wọ́n bí ẹni ń jẹ gúgúrú.
Mo gbé ìgò ọṣẹ sílẹ̀. Ọ̀gá, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó wá ku ìgbín. Wọ́n ní ọtí ni wọ́n fẹ́ràn.
Èmi tí n kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tí mo ti ṣèrìbọmi,
mo ra bíà agolo mẹ́rin, èyí tó pọ́ọ́kú jù.
Ta ló wà lẹ́yìn mi lórí ìlà? Díákónì Àjíṣafẹ́.
Ó wo agolo, ó wò mí. “Sísítà, ẹ kú ìnáwó.”
“Ìgbín ni mo rà á fún, sà.”
Ó mi orí títí, bí ẹni gbọ́ irọ́ tó burú ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Mo ri ife mọ́lẹ̀, mo bu ọtí sí i.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mẹ́sàn-án ti mu ún, wọ́n sùn síbẹ̀.
Mẹ́jọ kò mu. Bóyá ọmọ ìjọ wa ni wọ́n.
Ọ̀pọ̀lọ́ kan ti wá ń gbé lábẹ́ pákó, n kò lé e;
ó mọ ilé àwọn mẹ́jọ yẹn jù mí lọ.
Mísítà Hórọ́kìsì béèrè agolo tó kù.
Kì í ṣe fún ìgbín.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́,
ìwọ̀n lewéko ń dára mọ.
Gbogbo ìgbà ẹ̀rùn ni mo fi bá òwe yẹn jà.
Kábéèjì mẹ́rìnlá: ìgbín gba mẹ́ta, ẹyẹlé igbó gba ọ̀kan.
Mo gé ìyókù, ewé òde wọn lu jára.
Mo yọ ibi tó lu sọ nù, mo fi èyí tó kù sebẹ̀.
Mo jẹ ẹ́ tán.
N kò wúkọ́.